Ẹ̀rín Opó Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìwé Rúùtù, orí 1 àti orí 4

Bí a ti ń jó tí a ń yọ̀ yìí, a mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí aṣọ funfun wà lára wọn, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn ṣì wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Àwọn ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jẹ́ opó.

Ìyá wa kan wà nínú ìjọ. A kò ní í dárúkọ wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí a sọ ọ́ nítorí ẹlòmíràn. Ọkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jí tọ̀ lóru, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bàbá ní, "Àgbà ló dé." Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n fi òróró pa á. Ìgbà tí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, àrùn jẹjẹrẹ ti kúrò níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ inú egungun. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, a ṣe ìṣọ́ òru. Bàbá sùn nínú Olúwa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn ọjọ́ ogójì, àwa náà ò dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó. Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí Ìyá. Wọ́n ká sùtánà wọn sínú àpótí, wọn ò wá sí ìsìn mọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Ó ṣe díẹ̀, ọmọ wọn obìnrin tí ó ń tajà kó ọmọ méjì wá sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Àbúrò kò tí ì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wọ yàrá, ó gbé fìlà Bàbá dé títí dé imú, ó mú ọ̀pá Bàbá lọ́wọ́, ó wúkọ́ bí Bàbá ti máa ń wúkọ́, ó ní, "Ìyá Àgbà, oúnjẹ mi dà?" Ẹ̀rín pa Ìyá. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n wá bá wa, wọ́n ní, "Ẹ̀yin Alàgbà, ọdún kan ò tíì pé tí a sin ọkọ mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe pé mo ti dalẹ̀ wọn báyìí?"

Ìdáhùn tí a fún wọn ni a fẹ́ sọ fún gbogbo yín. Ẹ wo Náómì. Ìyàn lé e kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sí Móábù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Élímélékì àti ọmọkùnrin méjì. Ọkọ kú. Àwọn ọmọ méjèèjì náà kú. Nígbà tí ó padà délé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Náómì mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Márà, nítorí ayé òun ti korò. Ẹ kíyè sí i: Ọlọ́run kò bá a wí. Àwọn obìnrin ìlú kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Wọ́n jẹ́ kí ó sunkún tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Rúùtù bí Óbédì fún Bóásì, Náómì gbé ọmọ náà lé àyà rẹ̀, ó sì di olùtọ́jú rẹ̀. Bóásì ti sọ ọ́ lẹ́nu bodè pé nítorí kí orúkọ òkú má bàa parẹ́ ni òun ṣe ń fẹ́ Rúùtù. Nítorí náà, ọmọ tí ó wà láyà Náómì kò lé òkú jáde. Òun ni ó ń pa orúkọ òkú mọ́. Óbédì yìí ni ó bí Jésè, Jésè ni ó bí Dáfídì ọba.

Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n sì ń sọ ọmọ ní Ẹkúndayọ̀. Orúkọ náà kò fi ẹkún pamọ́: ẹkún ni ó ṣáájú, ayọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ìyá, ẹ̀rín yín kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ta ni ọmọ yẹn ń sín jẹ, bí kì í ṣe Bàbá? Ẹ sọ ìtàn wọn fún un. Ẹ kọ́ ọ ní àdúrà, bí ìgbàgbọ́ ti kọ́kọ́ gbé inú Lóísì ìyá àgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Tímótíù.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù fún àwa yòókù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ìyá yín ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ẹ bá kó ọmọ tì wọ́n, ẹ kó oúnjẹ àti owó tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ̀yin ìjọ, lẹ́yìn ọjọ́ ogójì gan-an ni ilé opó ń dákẹ́. Ìgbà náà ni kí ẹ lọ. Ẹ̀yin bàbá, kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ òru ni jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò mọ ìyàtọ̀. Jẹjẹrẹ tí ó ń mú ọkùnrin nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ lè wà lára láìfi àmì kankan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, kí ó béèrè nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò kò tàbùkù àdúrà. Ọlọ́run tí a ń ké pè náà ni ó fún dókítà lọ́gbọ́n.

Bí ẹ bá bojú wo ọ̀nà ẹ̀yìn ní ọjọ́ àjọ̀dún, ẹ ó rí Ìyá wa. Sùtánà ti jáde nínú àpótí, àbúrò wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀gbọ́n ń pàtẹ́wọ́ níwájú wọn. Bí wọ́n bá ń sunkún, ẹ má dá wọn lẹ́kun. Bí wọ́n bá ń jó, ẹ bá wọn jó.

Kí Olúwa Ọlọ́run tí ó gbé ọmọ lé àyà Náómì tu gbogbo opó inú ìjọ yìí nínú. Kí ó jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ, kí wọ́n rí ọmọ-ọmọ, kí ọmọ má sì ṣáájú wọn lọ. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín. Àṣẹ. Halelúyà!