Ẹ Fi Sínú Ìkòkò Amọ̀ Lónìí

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 32:6-15
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jeremáyà 32:14

 

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín láàárọ̀ yìí. Màmá kan wà nínú ìjọ wa ní Ìwó Road níbí, opó ni wọ́n. Nínú láàpútọ́ọ̀pù tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà tí Bàbá kọ sí wọn láti òkè òkun wà, àti ìwé sọ́fè ilẹ̀ tí wọ́n jọ rà. Outlook ni Bàbá ń lò. Inú fáìlì kan ṣoṣo ló kó gbogbo ímeèlì wọn jọ sí. Bí wọ́n sì ṣe tò ó, tí lẹ́tà bá ti wọ kọ̀ǹpútà, kì í sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Màmá ra háàdì kékeré tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e fún mi. "Ajíhìnrere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da àwọn lẹ́tà yẹn kọ síbẹ̀." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Mò ń bọ̀ lọ́la." Lọ́la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù mẹ́ta. Èmi tí mo máa ń wàásù pé kí ẹ má fòní dọ́la!

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná dé, ó lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Láàpútọ́ọ̀pù kú. A gbé e lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, níbi táwọn kọndọ́ ti ń pe Lagos, tí wọ́n ń pe Ifẹ̀. Arákùnrin náà tú u, ó mi orí. Háàdì inú ẹ̀ ti jóná.

Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Sọ̀féyọ̀ lè fún wa ní ìwé ilẹ̀ mí-ìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ mi ńkọ́, ta ló máa tún un kọ?"

Mo délé, mo rí háàdì tuntun yẹn nínú páálí. Mi ò tíì yọ ọ̀rá ara ẹ̀.

Ará, ẹ wo Jeremáyà. Ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, òun fúnra ẹ̀ wà ní àtìmọ́lé. Àkókò yẹn ló ra ilẹ̀ Hánámélì ní Ánátótì, ṣékélì fàdákà 17. Ó ní ìwé méjì: wọ́n fi èdìdì di ọ̀kan, wọ́n ṣí èkejì sílẹ̀. Ó ní kí Bárúkù kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀, kí wọ́n lè pẹ́. Ṣé àìnígbàgbọ́ nìyẹn? Rárá o! Ó gbà pé Ọlọ́run máa mú àwọn èèyàn padà wá sórí ilẹ̀ yẹn ni. Kò dúró kí ìlú tòrò kó tó ṣe é.

Ní orí 36, ọba jó ìwé Jeremáyà níná. Bárúkù tún un kọ, torí pé Jeremáyà ṣì wà láàyè láti pè é fún un. Bàbá tiwa ti lọ. Kò sẹ́ni tó máa pè é.

Kí ló wà lọ́wọ́ yín tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo? Ìgbàgbọ́ tẹ́ ẹ ò tíì kọ́ ọmọ yín? Iṣẹ́ ìjọ tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ ka 2 Tímótì 2:2.

Ohun tá a máa ṣe lónìí: Ẹ pa Outlook dé kẹ́ ẹ tó da fáìlì náà kọ sórí háàdì. Ẹ ṣí èyí tẹ́ ẹ dà kọ wò, kó dá yín lójú pé ó pé. Ẹ má kó òun àti láàpútọ́ọ̀pù sínú báàgì kan náà, torí olè kan ṣoṣo ló máa gbé méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ẹni tẹ́ ẹ sọ fún pé "lọ́la". Ẹ lọ bá a lónìí.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì mí fún gbogbo "lọ́la" tí mo fi ba ọkàn ẹlòmíràn jẹ́. Tu Màmá yìí nínú. Fún mi lóore-ọ̀fẹ́ láti ṣe ohun tó yẹ nígbà tí ọwọ́ ṣì tó o, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.