Ọ̀ṣẹ́tùúrá àti Ọmọ Ilé Méjì



Obìnrin kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé: "Bàbá, èmi àti ọkọ mi ti kọ ara wa. Ṣé Ifá ní ohun tó sọ nípa bí a ó ṣe jọ tọ́ ọmọ?" Ó ní. Ṣùgbọ́n n ò ní í fi ẹnu awo nìkan dáhùn, torí ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí èmi àti ìyá ọmọkùnrin mi ti pínyà.

Ẹ rántí ìtàn Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Àwọn ọkùnrin la igbó Orò, wọ́n la igbó Eégún, wọ́n ń ṣèpàdé, wọn ò pe Ọ̀ṣun sí i. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Aboyún ò bí, àgàn ò lóyún. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ohun tó bi wọ́n ni pé: ẹnì kẹtàdínlógún yín dà? Ni wọ́n bá lọ ń bẹ Ọ̀ṣun. Ó lóyún nígbà náà. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, ìyẹn ni yóò máa bá wọn lọ. Ọkùnrin ló bí. Òun ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àìmọye èèyàn. Àmọ́ bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo fẹ́ kí ọmọ mi gba ọwọ́ Ifá kan, ìyẹn ìsẹ́fá. Mo dá ọjọ́, mo ra ikin, mo pe àwọn awo. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? N ò sọ fún un. Lọ́kàn mi, ìdílé tèmi ló ni Ifá, kí ló kàn án? Nígbà yẹn, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ bá obìnrin náà sọ, ọmọ ni mo ń rán: "Sọ fún mọ́mì ẹ pé mo ti san owó súkúù o." Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Mo sọ ọ́ di Èṣù tí ń ru ọ̀rọ̀ lọ ru ọ̀rọ̀ bọ̀, láìta epo sí i.

Olúwo mi da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá ló hù. Bàbá ò kí ẹsẹ̀ kankan, wọ́n kàn wò mí: "Awo, ta lo ò pè?"

Ó tó wákàtí kan tí mo fi gbé fóònù lọ́wọ́ kí n tó pè é. Ohùn rẹ̀ ò gbóná, kò sì tutù. "Sátidé wo lẹ ní? Kọ́mọ́ǹ ẹ́ńtíránsì ló bọ́ sọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọmọ yẹn ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ fún yín ni." Àṣé ọmọ mi ti ń gbé ọjọ́ méjì tó kọlu ara wọn káàkiri láàárín ilé méjì, kó má baà bí ẹnikẹ́ni nínú wa nínú. Ìyẹn dùn mí ju ìpínyà náà lọ.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tú ìgbéyàwó ká nílẹ̀ wa, owó orí tí ọkọ fẹ́ gbà padà ni ẹjọ́ sábà máa ń dá lé; ti bàbá ni wọ́n ka ọmọ sí. Òfin ìgbéyàwó ti 1970 wá ní kí adájọ́ fi ire ọmọ ṣáájú, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 sì tún tẹnu mọ́ ọn. Àwọn kan ní àṣà òyìnbó nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n lọ gbọ́ Ọ̀ṣẹ́tùúrá.

Ohun tí mo sọ fún obìnrin yẹn nìyí: kò pọn dandan kí ẹ fẹ́ràn ara yín mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ ìjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, èmi àti ìyá ọmọ mi máa ń pe ara wa, a ó ka ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ọdún Ifá, ibi tí ọmọ máa sùn. Bó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, n kì í bi í pé ta ló wá kí mọ́mì ẹ. Oúnjẹ ni mo ń bi í bóyá ó ti jẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń lu ẹnì kejì tàbí ọmọ, ìyẹn yàtọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ sá sí ibi ààbò, kí babaláwo kankan má fi Ifá tì yín padà.

A sún ìsẹ́fá sí oṣù kẹjọ, nígbà họlidé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá rẹ̀ ń lọ báyìí, kò wọ yàrá Ifá, fàráńdà ló jókòó sí. Nígbà tí ọmọ jáde pẹ̀lú ìdè lọ́rùn ọwọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré lọ. Ó yẹ ìdè náà wò, ó ní ó dáa, ó wá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá omi lè bà á jẹ́.