Ìjókòó Ọjọ́ Méje

Ní ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin, Àṣàkẹ́, ti ilé ìwòsàn dé, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìtíì tú gèlè orí rẹ̀, tí ó sì sọ fún mi pé kókó kékeré tí ọwọ́ òun bà ní ọmú òsì nígbà tí òun ń wẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá kì í ṣe oówo, pé kì í ṣe wàrà tí ó dì, pé àwọn dókítà ti fi abẹ́rẹ́ bù nínú rẹ̀ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti ẹnu mi jáde, èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú rẹ̀ mu ọmú ìyá kan náà, ni pé, “Kí lo ṣe?” N kò ní í purọ́ fún ẹni tí ó ń ka ìwé yìí. N kò sọ pé “pẹ̀lẹ́”, n kò fà á lọ́wọ́ jókòó. Ìbéèrè adájọ́ ni mo bi í, bí ẹni pé ẹjọ́ ni àìsàn, tí a pè é sí tí kò sì rí àwíjàre kankan wí. Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì kọjá lọ sí ilé ìdáná lọ bu omi mu.

Mo ti rò ó títí láti ọjọ́ náà, mo sì ti rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe tèmi nìkan, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó wá kí i lẹ́yìn mi ni ó gbé e lọ́wọ́ wá, bí kálukú tilẹ̀ ti ṣe pọ́n ọn sínú ewé tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin bi í léèrè bóyá ó máa ń ki owó bọ inú kọ́mú nígbà tí ó bá ń lọ sí ọjà. Obìnrin kan ní àdúgbò fẹ́ mọ iye oṣù tí ó fi fún àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní ọmú. Aládùúrà kan ní kí ó rántí ẹni tí òun àti rẹ̀ jọ ní gbólóhùn asọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹnì kan kò tilẹ̀ béèrè ohunkóhun. Bí ó ti gbọ́ orúkọ àrùn náà ni ó fi ọwọ́ yí orí ara rẹ̀ ká, tí ó ta ìka dànù, tí ó ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i,” bí ẹni pé Àṣàkẹ́ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ kò tíì rí i. Ìfẹ́ ni ó gbé gbogbo wọn wá, n kò sẹ́. Bí kò bá sí ìfẹ́, ta ni í wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá sí Ìbàdàn nítorí ọmú ọlọ́mú? Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó lúgọ sí ìdí ìfẹ́ náà, tí ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí wa létí pé bí a bá lè rí ohun tí obìnrin yìí ṣe, àwa tí a kò ṣe irú rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. A ń wá ẹ̀ṣẹ̀ lára aláìsàn kí a lè fi í mọ odi yí ilé ara wa ká.

Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà rí kò sì fún wa ní búlọ́ọ̀kù tí ó tó mọ odi náà. Pé ènìyàn jẹ́ obìnrin, pé ọjọ́ orí rẹ̀ sì ń lọ sókè, ni ohun méjì tí ó wúwo jù lọ nínú ọ̀ràn jẹjẹrẹ ọmú. Ta ni yóò wá pe ènìyàn lẹ́jọ́ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, tàbí nítorí pé Ẹlẹ́dàá bù kún ọjọ́ rẹ̀? Owó inú kọ́mú kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nínú 100 obìnrin tí àrùn yìí bá ṣe, bíi 5 sí 10 ni a lè tọ́ka sí pé ó jogún rẹ̀ gbangba láti ara òbí. Àwọn tí ó kù, kò sí dókítà tí ó lè na ìka sí ohun kan pàtó kí ó sọ pé èyí ni ó fà á fún lágbájá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàádé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí òkìkí rẹ̀ tó kàn ní Chicago, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn MacArthur dá lọ́lá ní 2005, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wádìí ìdí tí àrùn náà fi ń tètè ká àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mọ́, tí irú èyí tí ó le fi pọ̀ láàrin wọn. Inú ohun àjogúnbá àti inú kókó náà fúnra rẹ̀ ni ó lọ wá a sí jù lọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ni ó ń wá.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò wá ẹ̀ṣẹ̀, tí ó jẹ́ pé àyànmọ́ ni wọ́n fi sé gbogbo ọ̀nà. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, a dé ayé tán ni ojú ń kán wa. Èmi kì í ṣe babaláwo, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn àgbà pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa aláìsàn lẹ́nu mọ́ kò gbọ́ ìtàn náà dé òpin. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni Ifá sọ pé wọ́n jọ lọ yan orí ní òde ọ̀run, ní ilé Àjàlá Alámọ̀ tí ń fi amọ̀ mọ orí: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọ́n gbé orí tí ó wu ojú, wọn kò mọ̀ pé kò jinná. Òjò bá wọn lójú ọ̀nà, orí náà sì bó. Ẹ̀bi wo ni ó wà lọ́rùn àwọn méjèèjì yìí? Amọ̀ ni, ojú ènìyàn kò sì rí inú amọ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ti Afùwàpẹ́, ẹni tí a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ olóríire, nítorí pé òun náà kò dá mọ èyí tí ó dára: ó san gbèsè tí Àjàlá jẹ, Àjàlá sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí ó sá pamọ́ sí, ó mú un lọ́wọ́ wọ inú ilé, ó bá a yẹ àwọn orí náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi rí èyí tí kò ní àbùkù. Bí ó bá jẹ́ pé ní òde ọ̀run pàápàá kò sí ẹni tí ó dá yan ire, kí ni ó dé tí a fi fẹ́ kí àbúrò mi dá ru ibi ní òde ayé?

Bákan náà ni mo ń rò ó pé bí ìpín bá jẹ́ àpáta tí kò ṣeé ṣí nídìí, àwọn baba wa kì bá tí máa ki Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, Ọ̀kìtìbìrí tí í pa ọjọ́ ikú dà. Ẹni tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìpín náà gan-an ni wọ́n ní ó lè yí i padà. Ìbátan wa kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí sọ fún mi pé wọ́n bi Ànábì léèrè bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, ó sì ní kí wọ́n máa wá a, nítorí pé Ọlọ́run kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsí oògùn rẹ̀, àfi ogbó. Àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù inú Bíbélì ni ọ̀ràn wọn bá tèmi mu jù. Gbogbo ayé ni ó ń fi Élífásì, Bílídádì àti Sófárì ṣẹ̀sín, wọ́n sì yẹ fún un, nítorí pé ìbéèrè tèmi gan-an ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ orí ìwé bi ọkùnrin náà: kí lo ṣe? Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé kí wọ́n tó la ẹnu, ọjọ́ méje àti òru méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí tí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Ọlọ́run wá bínú sí wọn ní ìgbẹ̀yìn ìwé náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ni ó bá wọn wí sí. N kò rí ibi tí ó ti bá wọn wí nítorí ìjókòó náà. Èmi tilẹ̀ gbà pé ọjọ́ méje yẹn nìkan ni wọ́n fi ṣe ọ̀rẹ́ fún un.

Ìpele kìíní ni wọ́n bá ti Àṣàkẹ́. Kókó náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 2, kò sì tíì ya abẹ́ abíyá. Kékeré ni a ti ń pa ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Mo wá fi orí mi sínú ìwé. Mo kà á pé nígbà kan rí, láti ayé Halsted, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, gbogbo ọmú ni wọ́n ń gé pẹ̀lú ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀; pé Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn fún 20 ọdún, tí wọ́n fi jábọ̀ ní 2002 pé àwọn tí a yọ kókó nìkan kúrò fún, tí a sì fi ìtànṣán tọ́jú ọmú tí ó kù, ẹ̀mí wọn gùn bákan náà pẹ̀lú ti àwọn tí a gé gbogbo ọmú fún. Mo kó gbogbo ìmọ̀ yìí dé iwájú rẹ̀ bí ẹni gbé igbá oyin. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ní kí wọ́n gé e.” Ó ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọn yóò fi máa tan ìtànṣán náà sí òun lára, pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò pọ̀ ní ilẹ̀ yìí, òun sì ti jókòó ti àwọn obìnrin tí ẹ̀rọ bàjẹ́ mọ́ lórí ní àárín ìtọ́jú, òun kò lè so ẹ̀mí òun kọ́ ara iná mànàmáná. Àwíjàre márùn-ún ti tò sí mi lẹ́nu. Mo rántí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ Jóòbù, mo sì gbé wọn mì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ìjókòó, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn fún ọkùnrin tí ó ti fi ẹnu jẹun láti kékeré. A ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan tí n kò ní í dárúkọ, níbi tí wọ́n ti sọ ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ nù tí a sì tún dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èmi ni mo ń gbé káàdì àti fáìlì; èmi ni mo ń kọ ohun tí dókítà bá sọ sínú ìwé, nítorí pé etí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gba ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì ní ilé àńjọ̀fẹ́: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a kò rí àga fi fún àlejò, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ku èmi, ọkọ rẹ̀, àti ìyàwó ará ilé kejì tí ó ń mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Àṣàkẹ́ sunkún lórí àga ìyẹ̀wù, n kò sọ pé kí ó má sun ún. Nígbà tí ó dákẹ́, mo pè é ní oríkì tí ìyá wa fi ń jí i, n kò sì fi ohunkóhun kún un. Àṣàkẹ́: ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ orí rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ wa, ṣùgbọ́n ṣíṣà yìí, àwa ni a ṣe é, ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní àga kì í tó ní ẹnu ọ̀nà yàrá abẹ, kí n má gbàgbé láti mú tèmi dání. Mo ti gbé àpótí ìjókòó ìyá wa sẹ́yìn ọkọ̀.