Ǹjẹ́ Ojú Tó Láti Ṣèdájọ́ Ẹsẹ̀ Ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọwọ́ àwa fúnra wa ni ìbéèrè oṣù yìí ti wá. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé-kéú wa tí kì í jókòó bí ó ti yẹ nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ìrun kíkí. Bí ó bá dìde, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀; ṣe ni ó ń tiro. A ní ọ̀lẹ ni. A bá a wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì fi pàṣán kàn án lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí gìrì ti gbé e ní kékeré ni ẹsẹ̀ yẹn ti rí bẹ́ẹ̀.” Àwa ni ó yẹ kí á máa bẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ìrìn ènìyàn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ojú kò yára tó ẹsẹ̀. Ní Paris, ní nǹkan bí 1883, Étienne-Jules Marey wọ aṣọ dúdú fún ènìyàn, ó fa ìlà funfun sí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ya àwòrán rẹ̀ léraléra bí ó ti ń rìn. Braune àti Fischer ṣe irú rẹ̀ ní Jámánì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣírò gbogbo rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀ lónìí. Wọ́n á lẹ àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tí ń dán mọ́ ìbàdí, orúnkún àti ọrùn-ẹsẹ̀ ọmọ. Àwọn kámẹ́rà tó yí yàrá ká á máa ya wọ́n ní ìgbà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun ìwọ̀n tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ á sì sọ bí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ tó.

Ẹ wo ohun tí èyí ń tú síta. Bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ farapa bá ń tiro, ojú á ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ ló kúrú, kí oníṣẹ́ abẹ gé e kí ó lè gùn. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ á fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe ọrùn-ẹsẹ̀. Orúnkún àti ìbàdí tí kò nà tán ló gbé gìgísẹ̀ sókè. (Ẹ dìde kí ẹ dán an wò: ẹ tẹ orúnkún, ẹ má sì jẹ́ kí ọrùn-ẹsẹ̀ yín tẹ̀ sí i. Gìgísẹ̀ yín á gbéra.) Bí wọ́n bá gé iṣan irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó lè di ẹni tí ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lóṣòó, àtúnṣe rẹ̀ sì ṣòro.

Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀rọ ti wá parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò parí rẹ̀. Àwọn tí ń lò ó mọ̀ pé ọmọ tí kámẹ́rà yí ká lè má rìn bí ó ti ń rìn nígbà tí a bá rán an níṣẹ́. Ohun tí ó lè ṣe lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rọ rí. Kò rí bí ó ti rẹ̀ ẹ́ tó nírọ̀lẹ́, kò sì rí ìtìjú rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Nítorí náà ni dókítà tó mọṣẹ́ fi ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, tí ó sì ń bi òbí léèrè kí ó tó mú abẹ.

Àwa kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a ní ẹnu tí a lè fi béèrè, a kò sì béèrè. Ibẹ̀ ni a gbà pé a ti jẹ̀bi.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan kò gbà. Ó ní bí a bá ń gba àwáwí gbogbo ọmọ, àwọn ọ̀lẹ á sá sábẹ́ aláìsàn. Kò parọ́. A dá a lóhùn pé ẹ̀sìn wa gba aláìsàn láyè láti jókòó kírun, a kò sì gbọ́ pé a ní kí ó kọ́kọ́ mú ìwé dókítà wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí á dúró kí á máa wò ó.

Lóṣù yìí, ọmọ mìíràn ní orúnkún ń dun òun ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ń gbálẹ̀. A ti ní kí ó máa jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kùn, a sì rí i tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Jímọ̀. A ti ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Kò tíì wá.