“Èmi” inú orin: ṣé irọ́ ni?

Nínú àwọn orin Shiina Ringo, akọrin rọ́ọ̀kì ará Jàpáànù, “Kabukichō no Joō” (1998) ni mo yàn láàyò. Ọmọbìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: ìyá rẹ̀, ayaba àdúgbò fàájì òru ní Tokyo, bá ọkùnrin lọ, ó fi í sílẹ̀, ọmọ náà sì wá jọba níbẹ̀. “Èmi” ló ń wí, ṣùgbọ́n àròsọ ni, kì í ṣe ìgbésí ayé akọrin. Ó ha purọ́ bí? Òpùrọ́ a máa fi òtítọ́ pamọ́ fún ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ra àwo Ringo mọ̀ pé orin ni òun rà. Ohun tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀. Àwọn ọmọbìnrin wà tí ayé yìí jẹ́ tiwọn ní tòótọ́. “Èmi” tiwọn kò rí ẹni fetí sí i tó bẹ́ẹ̀.