Ká Tó Ra Ilé: Ṣé Àìfọkàntánni Ni Ìbéèrè?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa sọ. Ẹni tí ò tíì rówó họ́sítẹ́ẹ̀lì san, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ilé rírà? Ẹ fara balẹ̀ ná. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló yẹ ká wò ká tó rà á? Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ o, ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n fi owó tí wọ́n gbà ra ilé kan n'Ìbàdàn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní kí wọ́n mú lọ́yà dání. Wọ́n fàáké kọ́rí. "Ẹni tá a jọ ń gbàdúrà, ṣé kí n wá máa tú ìwé ẹ̀ wò bí ọlọ́pàá ni?" Báyìí ni wọ́n sanwó, wọ́n gba rìsíìtì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn àbúrò ẹni tó talé fi yọjú. Bàbá àwọn ló kọ́ ọ, ó kú láìṣe ìwé ìhágún, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fáwọn pé ilé di títà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń lọ kóòtù. Ilé bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, owó wọn ò sì padà pé.

Gbogbo wa nílé là ń sọ pé ìfọkàntán ló kó bá wọn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní: "Ṣó o rí i, lọ́jọ́ tí mo lọ wo ilé yẹn, mo bá ìyá àgbà kan ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n bù mí lómi mu. Ó wà lẹ́nu mi kí n bi wọ́n pé ta ni wọ́n nínú ilé yẹn, mo bá gbé e mì. Owó ilé yẹn ti rọjú jù. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ló ń bà mí."

Ìyàwó ẹni tó kọ́ ilé náà ni ìyá yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi: ohun tí à ń pè ní ìfọkàntán yìí, ṣé òun náà ni, àbí ṣe la kàn di ojú wa? Ẹni tó dijú kó má baà rí, mélòó ló fi sàn ju ẹni tó rí i tó dákẹ́?

Òfin pàápàá ò gba ojú dídì. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, bí onílé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí, ti gbogbo ọmọ ni, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn aṣojú ẹ̀ka yòókù fọwọ́ sí i, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Bí ọmọ kan bá sì tà á bí ẹni pé tara rẹ̀ nìkan ni, kò ta nǹkan kan. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 tún ní ká gba ìyọ̀ǹda gómìnà ká tó ta irú dúkìá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọgbọ́n fi ń yẹ àkọsílẹ̀ wò nílé iṣẹ́ ilẹ̀, ní Alausa l'Ékòó tàbí Agodi n'Ìbàdàn, tó sì ń mú ìwé survey lọ sọ́fíìsì surveyor àgbà ìpínlẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, C of O gan-an kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Kóòtù lè fagi lé e bí ẹni tó gbà á kì í bá ṣe onílẹ̀. Ká wo ìwé, ká tún béèrè lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹlòmíràn á ní ìwọ̀sí ni ìbéèrè. "Ṣé olè lo pè mí ni?" Ọ̀rọ̀ yìí wúwo létí ẹni tí wọ́n kọ́ láti bọ̀wọ̀ fágbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, ṣebí àwọn òbí máa ń wádìí ìdílé ẹ̀? Ta ló ń torí ìyẹn bínú? Ìdílé tó mọ ara ẹ̀ á ní kí wọ́n máa wádìí lọ. Ìbéèrè ń gbè olóòótọ́ tó ń talé pàápàá, torí kò sẹ́ni tó máa pè é ní gbájúẹ̀ lọ́la.

Wọ́n á tún ní owó lọ́yà wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ èló ni wọ́n ń ta "Ẹ káàsán mà"? Èló la máa san ká tó bi aládùúgbò pé ta ló kọ́lé yìí, ta ló ń gbé e, ọmọ mélòó ló bí?

Ẹ ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri l'Ékòó pé ilé yìí kì í ṣe títà. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé wọ́n lè ta ilé mọ́ òun lórí, kí ẹni tó rà á má sì kanlẹ̀kùn bi òun léèrè.

A ò ní pẹ́ parí ẹ̀kọ́ wa, àwa náà á di ẹni tó ń ralé. Ẹ yẹ ìwé wò, ẹ mú lọ́yà dání. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yà sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ kí ẹni tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ bi í léèrè, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ohun tó máa sọ.