Ìyọ̀ǹda Aláìmọ̀

Bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá sọ fún mẹkáníìkì pé kí ó ṣe èyí tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ó sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀, tí mẹkáníìkì náà ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, tí iṣẹ́ náà sì bàjẹ́ kí oṣù tó parí, orí ta ni ẹ̀bi wà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé kò sí ẹjọ́ nínú èyí: ẹni tí ó ni nǹkan ti sọ tẹnu rẹ̀, oníṣẹ́ sì ti gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí yá jù. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn náà kò mọ ohun kan náà nípa ohun tí wọ́n ṣe àdéhùn lé lórí.

Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́yìn ọ̀nà Akówọnjọ, láàárín Dọ̀pẹ̀mú àti Ẹgbẹ́dá. Kí a fi ojú inú wo bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n fi okùn fa Peugeot 504 rẹ̀ wọ ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ọdún kan náà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Láyé ìgbà náà, ọ̀gá tí ó bá jókòó sẹ́yìn 504, ojú ọ̀gá ni gbogbo àdúgbò fi ń wò ó. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986, tí náírà sì wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ní ògbólógbòó di tirẹ̀ mú ṣinṣin. Ẹni tí ó bá ń fi irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ń ti àkúfọ́ kiri kò rántí ìtàn.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó jó. Ohun tí kò nípọn ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ ni, àárín ara ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù sílíńdà ni ó wà. Síbẹ̀ òun ni ó dá ohun mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ pàdé dúró: iná tí ooru rẹ̀ lè kọjá 2,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi, àti ọ́ìlì. Bí ó bá jó, omi a wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì a sì funfun bí tíì oníwàrà. Èéfín funfun a máa tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Omi inú rédíétọ̀ a máa yọ ìfófòó. Aláìmọ̀ a rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni àìsàn. Rárá o. Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé jó, ooru àjùlọ ni ó sábà máa ń jó o. Álùmínọ́mù ni tọ́ọ̀pù 504, irin ni ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀, álùmínọ́mù a sì máa gbòòrò tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin nígbà tí iná bá mú un. Bí rédíétọ̀ bá dí, tí omi sì gbẹ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Èkó, tọ́ọ̀pù a wọ́. Wíwọ́ náà kò ní í pọ̀: ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ kò fi àyè gba ju nǹkan bí 0.05 mìlímítà lọ, èyí tí kò nípọn tó irun orí. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹni tí ó bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé ojú tí ó ti wọ́ ti fi ẹní tuntun bo kòtò.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” ni mẹkáníìkì náà wí, “kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Tọ́ọ̀pù yìí ti wọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ bá àwọn tí ó ń fi ẹ̀rọ fá a, kí wọ́n sì bá wa fọ inú rédíétọ̀.”

Bàbá mi orí. “Ọmọ mi, owó gásíkẹ́ẹ̀tì ni mo mú wá. Ìwọ ṣáà bá mi dè é. Mo ti gbà. Bí ó bá tún jó, n kò ní í bá ọ wí.”

Níhìn-ín ni ìṣòro wà, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo àwíjàre ẹni tí yóò sọ pé kí mẹkáníìkì dè é. Bàbá ni ó ni ọkọ̀. Mẹkáníìkì kì í ṣe bàbá bàbá rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà yọ bí omi kànga. Bí eléyìí bá sì kọ̀, ṣọ́ọ̀bù mìíràn kò ju ìsọ̀kò kan lọ, ẹni tí ó wà níbẹ̀ lè má tilẹ̀ sọ òótọ́ kan ṣoṣo kí ó tó mú sípánà. Ohun kan tún wà tí ó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Àwọn oníbàárà ti jìyà irọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, “kì í ṣe èyí nìkan” sì ni irọ́ náà sábà máa ń wí. Nígbà tí olóòótọ́ bá wá sọ gbólóhùn yìí, ohùn òpùrọ́ ni oníbàárà ń gbọ́.

Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwé kan jáde ní 1986 lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í fi ọ̀rọ̀ náà “mọ̀” ṣeré. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ Bàbá, a ó rí i pé kò tíì mọ ohun kan tí ó fi gbà. Kò tilẹ̀ gbàgbọ́ pàápàá. “Mo ti gbà” tí ó wí, àìní ni ó sọ ọ́. Mẹkáníìkì tí ó bá fi irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ bo ara rẹ̀ ń lo àìmọ̀ ẹlòmíràn bí aṣọ.

Àmọ́ òṣùwọ̀n náà kò fi mẹkáníìkì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò yọ tẹ́mọ́sítààtì sọnù bí wọ́n bá ti ṣí ẹ́ńjìnnì, wọn a ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Bí a bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, wọn a ní ọ̀gá àwọn ni ó kọ́ àwọn. Ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí ó yẹ fún iṣẹ́, kí ó sì dúró síbẹ̀. Yíyọ rẹ̀ kò wo rédíétọ̀ tí ó dí sàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n dúró ti ọkọ̀ Bàbá yóò kọ́ ohun tí wọ́n bá rí. Bí ọ̀gá bá dì í bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì nínú ohun tí wọn yóò gbé lọ; ohun tí wọn yóò gbé lọ ni pé a lè dì í láì wọ̀n ọ́n. Bàbá lè yọ̀ǹda ọkọ̀ tirẹ̀, kò lè yọ̀ǹda ìyẹn.

Kíkọ̀ kò tó, gbígbà náà kò tó. Ohun tí ó kù ni kí mẹkáníìkì mú Bàbá dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. Ó nu ojú tọ́ọ̀pù náà mọ́, ó gbé irin gbọọrọ tí etí rẹ̀ tọ́ lé e, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, Bàbá.” Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ní àárín gbùngbùn, ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ irin kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. Ó pẹ́ kí ó tó nàró.

“Ó di ìparí oṣù,” ni ó wí.

Mẹkáníìkì fi bóòtù di àwọn sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá yí ẹ́ńjìnnì 504 nígbà tí tọ́ọ̀pù kò sí lórí rẹ̀, sílíìfù lè ṣí nídìí, omi a sì rí ọ̀nà mìíràn wọ inú ọ́ìlì. Ó fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀, ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó wé tọ́ọ̀pù sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó gbé e sórí pẹpẹ inú ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ó wà títí owó ìfẹ̀yìntì fi dé.